Pọ́ńdì àrọ̀ mi àti kànga màmá aládùúgbò: ṣé lóòótọ́ ni ọ̀sìn ẹja àti edé ń ba omi jẹ́?

Àrọ̀_Ajílété:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ bá mi dá sí i, ẹ má sì bínú tó bá gùn torí mi ò mọ bí mo ṣe máa gé e kúrú.

Àrọ̀ ni mo ń sìn lẹ́yìn ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Pọ́ńdì oní-sìmẹ́ńtì méjì ni, mítà 4 ní gígùn, mítà 3 ní fífẹ̀, omi inú ẹ̀ tó mítà kan, 1,000 ẹja nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tún ní tapólì kan tí mo fi ń tọ́ àwọn kéékèèké. Ọdún kẹrin rèé, owó iléèwé àwọn ọmọ ń ti ibẹ̀ jáde, mi ò ráhùn.

Àfi Sátidé tó kọjá tí màmá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, a jọ pín fẹ́ǹsì ni, wá bá mi láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú ike ọ̀dà funfun kan lọ́wọ́. Wọn ò dáhùn ìkíni mi. Wọ́n gbé ike yẹn kalẹ̀ síwájú mi, wọ́n ṣí i, wọ́n ní "gbóòórùn ẹ̀". Omi kànga wọn ni. Ògì ni màmá yìí ń tà o, omi yẹn ni wọ́n fi ń sẹ́ ògì, àmọ́ omi tí mo rí nínú ike, òun gan-an ló dà bí omidùn ọjọ́ kẹta, nǹkan yíyọ̀ kan tó ní àwọ̀ ewé sì lẹ̀ mọ́ ara ike yípo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti tú omi pọ́ńdì rí, ẹ mọ òórùn yẹn, kò ṣeé sẹ́. Mo ṣáà ń sọ pé ẹ má bínú mà, ẹ má bínú mà, wọ́n ní àwọn ò bá ẹ má bínú wá, àwọn fẹ́ mọ omi tí àwọn máa fi sẹ́ ògì lọ́la.

Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni mo máa ń tú omi pọ́ńdì, gbogbo ẹ̀ pátá. Ó máa ń gba gọ́tà ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì kọjá lọ sí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀. Ibi tí gbogbo wa ń da tiwa sí náà nìyẹn.

Bí mo ṣe sọ fún àbúrò mi tó wà ní Kánádà báyìí, ó fi voice note oníṣẹ́jú mẹ́sàn-án ránṣẹ́ pé ọ̀sìn ẹja àti edé ti ba ayé jẹ́, pé wọ́n ti gé igbó etí òkun tán nítorí edé, pé kí n lọ wá iṣẹ́ míì ṣe. Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ẹ̀rù náà bà mí, torí edé gan-an ló wà lọ́kàn mi láti fi kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ṣáà ti rí iye tí wọ́n ń ta edé lọ́jà.

Ṣé òótọ́ ni? Ṣé àrọ̀ tiwa yìí náà wà nínú ẹ̀, àbí ti àwọn òyìnbó nìkan ni? Kí sì ni kí n ṣe sí omi yìí?

Bàbá_Ẹlẹ́ja:

Ọmọ mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ pa ti edé tì. Edé inú òkun, omi iyọ̀ ló ń fẹ́. Èyí tó wà nínú odò tiwa níhìn-ín náà, ọmọ ẹ̀ ò lè dàgbà láìjẹ́ pé ó dé ibi tí omi òkun àti omi odò ti pàdé, ibẹ̀ ló ti ń sọ ara ẹ̀ di edé kó tó máa gòkè padà. Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní òkun, ọ̀sà náà ò sí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta ọmọ edé fún ẹ, máa wo ojú ẹ̀ dáadáa. Jẹ́ kí àwọn ará Ìlàjẹ máa bá edé wọn lọ.

Ó ku ti omi. Jẹ́ n bi ẹ́, ṣé o ti ṣírò ẹ̀ rí? Mítà 4 ní 3 ní 1, lítà 12,000 nìyẹn. O ń tú u lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Oṣù mẹ́fà kí ẹja tó tó tà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún... rárá, jẹ́ n tún un kà, ọgọ́ta ìgbà. Lítà 720,000 láti inú pọ́ńdì kan ṣoṣo! Ìlọ́po méjì fún méjèèjì. Orí àpáta sì ni ìlú wa jókòó lé, omi tí bọ́hóòlù ń fà, inú ibi tí àpáta ti sán ló ti ń rí i. O ò rí i pé tó bá ti di February, gbogbo àdúgbò á máa sọ pé kànga gbẹ? Ìwọ ń fa tiwọn jáde lókè, o ń dá a padà fún wọn nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹja.

Ohun tó ń tàn wá jẹ lórí àrọ̀ ni pé kì í tètè kú. Tó bá jẹ́ ẹja míì ni, kí omi tó dọ̀tí báyẹn, á ti léfòó, wàá sì ti sáré. Àrọ̀ á yọ imú jáde, á mí afẹ́fẹ́ òkè, á padà sísàlẹ̀. Inú omi tí epìyà ò lè lo wákàtí kan ni tiẹ̀ ń gbé. Àwa á wá rò pé omi ò tíì burú torí ẹja ṣì ń jẹun. Mo ṣe é lọ́pọ̀ ọdún kí n tó gbọ́n, mi ò fi ṣe ìtìjú.

Lọ wo gọ́tà yẹn. Rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀, má dúró sórí pèpéle kó o máa nàka sí i. Omi tó ń ṣàn lọ tààrà sódò kò lè bọ́ sínú kànga èèyàn, ó ní ibi tó ń gbà rì.

Sùnùkùn:

Ẹ dákẹ́ jàre. Àwọn tó ti fi ọkọ̀ ńlá kó gbogbo ẹja inú òkun wa tán ló tún ń sọ fún wa pé pọ́ńdì ẹ̀yìn ilé ń ba ayé jẹ́. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, fúnra wọn sọ pé lọ́dún 2022, ẹja àti edé tí wọ́n ń sìn ti lé èyí tí wọ́n ń pa nínú odò àti òkun, 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Tí a bá pa pọ́ńdì tì, kí la máa jẹ? Panla? Ta ló ń kó panla wá? Bọ̀ọ̀dá tó béèrè, máa sin ẹja ẹ, màmá á gbàgbé.

Ọmọ_LAUTECH:

Ẹ̀gbọ́n Sùnùkùn, ẹ rọra, màmá tí kànga ẹ̀ ti rùn ò lè gbàgbé o, ojoojúmọ́ ló ń pọn omi.

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè, ohun tí àbúrò yín sọ nípa edé, òótọ́ ni, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ni kò ṣàlàyé. Tailand, Ẹkuadọ̀, Vietnam, Filipíìnì, ní bíi 1980 sí 1990 àti díẹ̀ ló le jù, wọ́n gé àwọn igi mangrove tó máa ń dúró sínú omi iyọ̀ létí òkun, wọ́n fi ibẹ̀ gbẹ́ pọ́ńdì edé. Igi yẹn gan-an sì ni edé àti ẹja kéékèèké ń sá sí kí wọ́n tó dàgbà, òun náà ló ń dá ìgbì dúró. Wọ́n kó edé há gádígádí, àrùn wọlé, Taiwan tó ń ṣe bẹbẹ nídìí ẹ̀ ṣubú lulẹ̀ lọ́dún 1988, àwọn míì fi pọ́ńdì sílẹ̀ lọ gbẹ́ tuntun síbòmíì. Ilẹ̀ tó ti mu iyọ̀ ò ṣeé gbin ìrẹsì mọ́. Ní Íńdíà, kànga àwọn ará abúlé di oníyọ̀, wọ́n gbé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì pàṣẹ ní December 1996 pé kí wọ́n wó àwọn pọ́ńdì edé tó wà láàárín mítà 500 sí etí òkun, àfi ti ìbílẹ̀. Ẹ rí i? Kànga náà ni. Ọ̀rọ̀ màmá yín kọ́ ni àkọ́kọ́.

Àmọ́ tiwa yàtọ̀. A ò gé igi etí òkun kankan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àrọ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, tó bá já bọ́ sódò, ó padà sílé bàbá ẹ̀ ni. (Ní Íńdíà wọ́n fòfin de àrọ̀ tiwa yìí torí bó ṣe ń jẹ ẹja ìbílẹ̀ wọn tán nínú odò.) Tiwa wà níbi méjì: omi tí à ń dà nù àti oúnjẹ tí à ń fún un.

Ẹ jẹ́ n ṣe ìṣirò kan, ìṣirò ọwọ́ lásán ni o. 1,000 ẹja, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kíló kan, tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ dáadáa á jẹ tó kíló 1,200, ìyẹn àpò oníkíló 15 lọ́nà 80. Fíìdì tó bá ní pùrótéènì 42 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi kíló 80 náítírójìn (èròjà inú ajílẹ̀ tó ń mú ewé hù) ló wà nínú gbogbo àpò yẹn. Èyí tó di ẹran lára ẹja ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Tó kù, bíi kíló 53, inú omi ló bọ́ sí, pẹ̀lú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja àti fíìdì tó rì tí wọn ò jẹ. Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 ńlá oníkíló 50, kíló 7.5 náítírójìn ló wà nínú ẹ̀. Ẹ pín in. Àpò ajílẹ̀ méje, láti pọ́ńdì kan! Òótọ́ ni pé díẹ̀ nínú ẹ̀ máa ń fò lọ sáfẹ́fẹ́, ìyẹn lòórùn tó ń ta yín nímú, àmọ́ ẹ̀yin ẹ wo bí NPK ṣe wọ́n tó báyìí, tí a wá ń dà á sí gọ́tà.

Ohun tó dé bá omi kànga nìyẹn. Ajílẹ̀ yẹn ló ń mú nǹkan aláwọ̀ ewé hù. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó le ju ti òórùn lọ o: tí ọmọ ọwọ́ bá wà nílé màmá, ẹ jọ̀ọ́ kí wọ́n má fi omi yẹn po wàrà fún un. Náítréètì, ohun tí náítírójìn yẹn máa ń dà nínú omi, máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ má lè gbé afẹ́fẹ́ dáadáa, ètè rẹ̀ á máa dúdú. Sísè ò ràn án, ńṣe ni sísè á jẹ́ kó tún ki sí i.

Sùnùkùn:

Hmm. Ti àpò méje yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ti oúnjẹ ńkọ́, o ní ibi méjì.

Ọmọ_LAUTECH:

Fíṣímíìlì ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹja kéékèèké tí wọ́n gbẹ tí wọ́n lọ̀, òun ló ń jẹ́ kí fíìdì lágbára. Kíló mẹ́rin sí márùn-ún ẹja tútù ni wọ́n ń lọ̀ kó tó di kíló kan. Ká ní ìdá kan nínú márùn-ún fíìdì jẹ́ fíṣímíìlì, kíló 240 nínú 1,200 yẹn, ó ti tó tọ́ọ̀nù kan ẹja òkun tí a pa ká tó rí tọ́ọ̀nù kan àrọ̀. Níbo ni èrè wà níbẹ̀? Mauritania, Sẹ̀nẹ̀gà, Gáńbíà ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ jù nílẹ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sáwá ni wọ́n ń lọ̀, sáwá tó yẹ káwọn tálákà máa rí rà jẹ. Ní Gunjur ní Gáńbíà, lọ́dún 2017, omi ọ̀sà wọn ṣàdédé pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ẹja kú léfòó, àwọn ará ìlú ní ilé iṣẹ́ tó ń lọ ẹja ló dà á sí i.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún àwọn tó ń po oúnjẹ fúnra wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí sóyà pọ̀, àmọ́ kí wọ́n yan án kó jiná o, sóyà tútù ò ní jẹ́ kí ẹja dà á nínú. Ìdin náà wà, ìdin eṣinṣin dúdú, èso jíjẹrà àti èèpo ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń tọ́ ọ. Máńgòrò tó ń jábọ́ jẹrà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní àsìkò ẹ̀, ṣé ó níye?

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Sábó:

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ò kàwé tó yín, ẹja ni mo ń yan tà, ọdún ti pẹ́. Ẹ ti sọ omi, ẹ ti sọ oúnjẹ, ẹ ò sọ ti òkú adìẹ.

Àwọn ọlọ́sìn ẹja kan ń bẹ, wọ́n mọ ara wọn, tí adìẹ bá kú lóko ẹlẹ́yẹ, àwọn ni wọ́n ń pè. Wọ́n á sun ìyẹ́ ẹ̀, wọ́n á jù ú sínú pọ́ńdì. Wọ́n á ní àwọn ń gba ilẹ̀ là, pé kó má baà jẹrà lójú títì. Àmọ́ adìẹ yẹn, kí ló pa á? Oògùn wo ni wọ́n fún un kó tó kú? Èmi mọ ẹja yẹn lójú ààrò. Ọ̀rá á máa kán sínú iná, iná á máa ṣe ṣàràrà, tó bá gbẹ tán kò ní pẹ́ kó tó máa kan. Mi ò rà á mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ti oògùn kápúsù onípupa àti yẹ́lò tí wọ́n ń tú sínú omi náà. Ẹja ń yún ara, kápúsù. Ẹja ò jẹun, kápúsù. Wọ́n á tún tú omi yẹn sódò, àwọn ọmọdé á sì máa wẹ̀ níbẹ̀. Iyọ̀ lásán ni bàbá mi máa ń lò, wọn á kọ́kọ́ pààrọ̀ omi, wọn á wá bu iyọ̀ sí i.

Èmi náà ò mọ́ o, kí n má purọ́. Igi ayin ni mo ń fi yanja tẹ́lẹ̀, òun ló ń jó pẹ́ jù. Igi tí wọ́n ń kó wá láti ọ̀nà Ìkòyí-Ilé nígbà kan, kò sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń kó o báyìí, wọ́n tún ń gé igi ẹ̀mí mọ́ ọn, igi tó ń so òrí! Ọmọ mi ọkùnrin bá mi wá ẹ̀rọ ìyanja onírin kan tó ní ilẹ̀kùn, èédú tí mo ń lò nínú ẹ̀ kò tó ìdajì ti àtẹ̀yìnwá, ojú mi ò sì ta mọ́.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́_Ọ̀yọ́:

Mo ti ń dúró kí ẹnì kan bi ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ọ̀yọ́ Aláàfin ni mo wà, omi pọ́ńdì ẹnìkejì mi ni mo fi ń gbin ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ láti ìgbà tí ajílẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Bí a ṣe ṣe é rèé. Kòtò méjì ló wà láàárín pọ́ńdì ẹ̀ àti oko mi. Omi máa kọ́kọ́ wọ àkọ́kọ́, á sùn níbẹ̀ mọ́jú, gbogbo ìdọ̀tí á rọ̀ sísàlẹ̀, ti òkè á ṣàn wọ ìkejì gba páìpù tí a tẹ̀ sí ẹnu ẹ̀. A da tapólì tó ti gbó sí ìdí kòtò méjèèjì kó má baà rì sílẹ̀ (ẹ má fo èyí o, ìdí kànga màmá nìyẹn). Ojúoró la fi bo ìkejì. Ojúoró ní í lékè omi, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, gbòǹgbò ẹ̀ tó ń rọ̀ wálẹ̀ ló ń fa ajílẹ̀ inú omi mu. Ọ̀sẹ̀ kan péré ó ti kún bò ó, màá kó ìdajì kúrò, màá fi bo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó já bọ́ sódò, á bo odò yẹn pa.

Àṣìṣe tí mo ṣe nìkan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, mi ò ní sùúrù, mo bu ẹrẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ kòtò lọ́sàn-án gangan, mo dà á sídìí ṣọkọ tààrà. Kó tó di ọjọ́ kẹta, etí ewé ti gbẹ bí ìwé tí iná rà, ebè mẹ́rin ló lọ. Báyìí, àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bomi rin, ìdí ni mo ń dà á sí, kì í kan ewé, ẹrẹ̀ yẹn sì máa ń kọ́kọ́ gbẹ lóòrùn kí n tó pò ó mọ́ ilẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jẹ ní tútù, bíi tòmátò, mi ò fi omi yẹn kàn án, ẹ̀fọ́ tí wọ́n máa sè ni.

Ìwọ tó o béèrè, kó o tó gbẹ́ kòtò, kọ́kọ́ dín omi kù. Ta ló ní kó o máa tú gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta? Fíìdì tó pọ̀ jù ni ò ń fún wọn. Dúró tì wọ́n, tí wọn ò bá fi ìjàkadì jẹ ẹ́ mọ́, dáwọ́ dúró. Ẹnìkejì mi ń tú ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ ni, níbi tí ìdọ̀tí wà, ó sì tó.

Bàbá_Ẹlẹ́ja:

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti sọ̀rọ̀. Kó tún ṣọ́ra pẹ̀lú ojú ọjọ́ o, tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, kòtò á kún àkúnya, ìyẹn ni kó gbẹ́ ẹ fẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Àrọ̀_Ajílété:

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo ti padà dé, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má bínú.

Mo rin gọ́tà bí bàbá ṣe ní kí n rìn ín. Ihò òkété ni! Ní igun fẹ́ǹsì, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí kànga màmá, omi tó ń bọ̀ láti òkè á dé ibẹ̀, á yí bìrí, ìdajì ẹ̀ á wọlẹ̀ lọ. Mo dúró wò ó lójú ara mi. Mo ti dí i, mo sì ti fi sìmẹ́ńtì tẹ́ gọ́tà yẹn dé ìsàlẹ̀. Kòtò kan ni mo tíì gbẹ́, ìkejì di ìparí oṣù. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni mo ń tú báyìí, ẹja ò ṣe nǹkan kan, ńṣe ni fíìdì mi ń pẹ́ sí i nínú àpò.

A ti fa omi kànga wọn dànù lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ wọn ò tíì lò ó. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni mo ń gbé lọ fún wọn láràárọ̀ láti bọ́hóòlù mi, wọ́n máa ń gbóòórùn ẹ̀ lójú mi kí wọ́n tó gbà á. Kò sí ọmọ ọwọ́ nílé wọn, mo béèrè.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló kù. Ewédú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì níbi ihò òkété yẹn, ti màmá ni, ó ga dé àyà mi. Lánàá wọ́n ní ṣé mo ti dí ihò yẹn pátápátá ni, pé ewédú àwọn ti ń rọ. Ṣé mo lè máa bu omi kòtò fún wọn, àbí kí n dúró kí ìkejì kọ́kọ́ parí?